Oníjà-Márùn-ún tó Ń Ṣọ́ Ẹnubodè Oorun

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ, ìyẹn ò ní kí n má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìró èèpo rẹ̀ bo ohùn mi mọ́lẹ̀, nítorí ohùn àgbà dà bí omi àmù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò pọ̀ mọ́, ẹni tó bá fẹ́ bù ú ní láti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Èmi Ọdẹ́níran ti rí igbó, igbó náà sì ti rí mi. Mo ti pa erin tó jẹ́ pé etí rẹ̀ kan ṣoṣo la fi bo òrùlé ilé ìdáná ìyàwó mi. Mo ti jókòó sórí igi fún ọjọ́ méje láìsọ̀kalẹ̀, títí àwọn ẹyẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìtẹ́ sí mi lórí. Síbẹ̀, ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́yalé, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì rí àpá márùn-ún tí ìrìn-àjò náà fi sí i lára, mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má bínú. Ìtàn ni kò mọ àgbà.

Ọdẹ́yalé ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ìyá Ìbídàpọ̀ ọmọ wọn, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tó máa ń fi etí aṣọ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kan, ẹfọ̀n kan fi ìwo gún Ọdẹ́yalé lẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kí ìfun rẹ̀ rí oòrùn. Orí ewé ọ̀pẹ ni wọ́n gbé e lé wálé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró fi jókòó tì í. Bí ọkọ rẹ̀ bá mí, yóò kà á. Bí èémí náà bá pẹ́ kó tó padà, yóò gbé etí lé e láyà. Bí oorun bá wá bá obìnrin náà, yóò ní, "Dúró ná." Bí oorun bá tún padà wá, yóò tún ní, "Dúró ná." Báyìí ni ó ṣe títí ara Ọdẹ́yalé fi yá, tó dìde, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọsàn ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ náà ni Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní kí òun náà sùn. Oorun kò wá. Ó di ọjọ́ keje, kò wá. Ó di ogójì ọjọ́, kò wá. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè bu omi láìdà á sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ òkú pe alààyè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọdẹ́yalé gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó gbà á, ó wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun o, bàbá. Ta ni kí n sọ pé ó fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́yalé ju ìwo ẹfọ̀n lọ. Ó mọ̀ pé nítorí òun ni oorun ṣe kọ̀ ọ́. Ó lọ bá àwọn àgbà ọdẹ. Wọ́n sọ fún un pé oorun tí a bá dá padà títí máa ń bínú, ó sì máa ń lọ sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn Igbó Ìkùukùu. Pé ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ, àfi kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Àti pé ohun kan wà ní ẹnubodè tí kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Wọ́n bi í bóyá yóò lọ. Ó ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó fi Àwẹ̀ró sọ́wọ́ ìyá tó bí i, ó gbé ìbọn rẹ̀, ó gbé àdá tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò ní í ka iye odò tó là kọjá fún yín. Ẹni tó ń ka òkè lójú ọ̀nà kì í tètè dé ibi ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó wọ Igbó Ìkùukùu, kò bá ọ̀sán níbẹ̀, kò sì bá òru. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí èyí tó máa ń wà nígbà tí òjò bá ti ṣú tán tí kò tíì rọ̀. Ewé já láti orí igi, kò balẹ̀. Ó dúró sí agbedeméjì bí ẹni tó ń rò ó wò. Ọdẹ́yalé ń gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń rìn wá pàdé rẹ̀. Ó gbọ́ orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ fún un nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láti inú ihò igi kan. Nígbà tó yọjú wo inú ihò náà, àwọn oyin ló bá níbẹ̀, gbogbo wọn sì dákẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì.

Ẹtu kan jáde síwájú rẹ̀. Ebi sì ń pa á. Ó fẹ́ gbé ìbọn, apá rẹ̀ kọ̀, ó wúwo bí apá ẹlòmíràn. Ẹyẹ àgbìgbò kan tó bà sórí ẹ̀ka wò ó láti òkè, ó ní, "Kò tíì kàn ọ́."

Ẹtu náà gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó já ewé kan, ó dúró. Àgbìgbò ní, "Ó kàn ọ́ wàyí."

Apá Ọdẹ́yalé tú. Ó sáré da ẹ̀tù sínú ìbọn, ó ki ọta sí i. Kó tó gbé e sójú báyìí, apá rẹ̀ tún kú. Ẹyẹ náà ní, "Ó ti tó. Ó kan ẹtu." Ẹtu náà sì rìn wọ inú ewé lọ, kò tilẹ̀ sáré.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ibẹ̀. Nínú igbó yẹn, ohun méjì kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kàn ọ́, o lè rìn díẹ̀, o lè ṣe ohun kan. Bí o bá ti ṣe é tán, wàá dúró bí òpó kí ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí wọ́n bá gbé mi lọ síbẹ̀, ẹnu mi nìkan ni ì bá pa mí, nítorí n kò dúró de ẹnikẹ́ni kí n tó sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

Ọdẹ́yalé bá òfin náà rìn títí ó fi dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ajímásùn. Gbogbo ará ìlú náà ló lajú sílẹ̀, tí ojú wọn sì pọ́n bíi ti Àwẹ̀ró. Wọ́n jẹ́ àwọn tó wá bẹ oorun, tí ohun ẹnubodè lé padà, tí wọn kò sì fẹ́ fi ọwọ́ òfo relé. Wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan jẹ́jẹ́. Ọ̀kan á gbá ilẹ̀ díẹ̀, á dúró; èkejì á fa omi, á dúró. Àgbàlagbà obìnrin kan jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń mọ ìkòkò. Ẹfúnbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló ní, apá ọ̀tún. Eékún rẹ̀ méjèèjì ló fi ń di amọ̀ mú.

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó dúró de àsìkò rẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbé e wá.

Obìnrin náà fi omi pa amọ̀ rẹ̀ lára. Ó ní, "Kí o tó lọ, já àlọ́ yìí fún mi. Baba kan bí ọmọ márùn-ún. Bí baba bá jókòó, àwọn márààrún á jẹun. Bí baba bá dìde rìn, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò rí oúnjẹ jẹ. Ta ni baba náà?"

Ọdẹ́yalé ronú, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ìyá, ọdẹ ni mí, n kì í ṣe alálọ̀ọ́. Ìbọn mi á já a fún mi."

Ẹfúnbọ̀dé kò bínú. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i, ó já aṣọ sílẹ̀ ní èjìká. Ó ní, "Ka àpá mi, ọmọ mi. Má tijú."

Ọdẹ́yalé kà á. Ibi tí apá òsì ti kúrò ni àpá tó tóbi jù, ó jìn débi pé ènìyàn lè kó ẹyìn méjì sínú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́, bí ilà tí olóòlà tí oorun ń kùn kọ.

"Oníjà-Márùn-ún ló ń ṣọ́ ibẹ̀," ni Ẹfúnbọ̀dé wí. "Ó ní ẹnu, ó ní èékánná ọ̀tún, ó ní tòsì, ó ní ìwo, ó ní ìrù. Ọmọ ìka kò dọ́gba, àwọn wọ̀nyí náà kò sì dọ́gba. Ẹnu ni àkọ́bí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà. Bó bá la ẹnu sí ọ, ó ṣòro kó tàsé. Àwọn mẹ́rin tó kù, àbúrò ni wọ́n. Ìyókù agbára ni wọ́n ń pín. Wọ́n lè tàsé, bí wọn ò bá sì tàsé, ìdajì ìyà ni wọ́n ń fi jẹni. Mẹ́ta bà mí, ọ̀kan lọ sínú afẹ́fẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kó lo gbogbo rẹ̀?"

"Mo dúró," ni ó wí. "Ẹ̀rù bà mí, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo dúró síwájú rẹ̀. Òun náà kò ní ìdí láti rìn, ó jókòó tì mí, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì jẹun lára mi. Bí mo bá ti yẹra ni, òun náà ì bá dìde tẹ̀lé mi. Ẹni tó ń rìn kò lè rìn kó tún ja ìjà márùn-ún. Ọ̀kan ni yóò ráyè jà." Ó gbé aṣọ rẹ̀ padà. "Oorun ọmọ mi ni mo wá bẹ̀. Ọmọ náà á ti dàgbà báyìí, bó bá wà. N kò ní agbára láti padà lọ mọ́, n kò sì lè relé kí n wí fún un pé n kò rí i gbà."

Ọdẹ́yalé ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó kúnlẹ̀, ó bá a po amọ̀ títí ó fi kún agbada, lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ.

Ẹnubodè náà jẹ́ òkúta funfun méjì tó dúró bí eyín nínú ìkùukùu. Láti ẹ̀yìn wọn ni èémí ti ń jáde, tó ń wọlé, tó ń jáde, bí ẹni pé gbogbo ayé ló sùn síbẹ̀. Òkè kékeré kan tí ewédò bò wà láàrin òkúta méjèèjì. Òkè náà la ojú. Oníjà-Márùn-ún ni. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì tutù, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ìyá tó ń tan ọmọ jẹun.

Ó ní, "Ìwọ ọdẹ, láti ìgbà wo lo ti ń rìn?"

"Ó ti pẹ́," ni Ọdẹ́yalé dáhùn.

"Ó ti rẹ̀ ọ́ nìyẹn. Dúró síbẹ̀ kí n rí ọ dáadáa."

Ẹ ò rí i bí ikú ṣe ń pe ènìyàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àgbìgbò tó wà lórí òkúta ní, "Ó kan ọdẹ." Ọdẹ́yalé, tí ìgbéraga ọdẹ wà ní orí rẹ̀, fi àsìkò rẹ̀ gbé ìbọn sójú. Ó kan ẹranko. Ó dìde, ewédò ń já bọ́ lára rẹ̀, ó rìn wá, ó sì bù ú jẹ ní apá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti ń rìn, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan ọdẹ. Ọdẹ́yalé dúró síbẹ̀ gan-an, ó yìnbọn lù ú láyà. Ọta náà lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀ díẹ̀, ó sì jábọ́ sílẹ̀ bí àtíkè tó gbẹ lára ọmọ.

Ó kan ẹranko, kò sì ní ìdí kankan láti rìn mọ́.

Ọdẹ́yalé sọ fún mi pé òun kò gbọ́ ariwo kankan. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ohun tí ènìyàn ń wò láti ìsàlẹ̀ omi. Ẹnu wá, ó ba èjìká rẹ̀, ó jìn. Èékánná ọ̀tún wá, ó ya awọ àyà rẹ̀. Èékánná òsì wá, ó tàsé, ó họ òkúta. Ìwo wá, ó gún un nítan, kò wọlé púpọ̀. Ìrù wá láti ẹ̀yìn, ó nà án, ó sì dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹranko náà dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí, bí olùkọ́ tó ń retí ìdáhùn ọmọ.

"Ó kan ọdẹ," ni ẹyẹ wí.

Ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, koríko sì tutù lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wù ú kí ó má dìde mọ́. Ó rí Àwẹ̀ró tó di abọ́ ẹ̀kọ mú, tó ń wò ó bí àjèjì. Ìgbà yẹn ni àlọ́ Ẹfúnbọ̀dé já sí i nínú. Ó yí gbirigbiri, ó dìde, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn igi kan tó jìnnà.

Oníjà-Márùn-ún ní láti tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu nìkan ló ráyè jà, Ọdẹ́yalé sì ti fi igi sí àárín. Eyín bó èèpo igi, ó ku díẹ̀ kó bà á. Ó kan ọdẹ, ó rìn. Ó kan ẹranko, ó tẹ̀lé e, ó jẹ igi. Wọ́n ṣe é báyìí títí, bí ọmọdé tó ń ṣeré yí ilé po, nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣú tí kò sì mọ́. Ó gba ara rẹ̀ là lọ́wọ́ mẹ́rin nínú ìjà márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, igi sì ń tán. Ó mọ̀ pé bí ẹnu náà bá bà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí.

Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ẹranko náà bá ti ń retí àsìkò rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sí lára ọdẹ. Ara àdá tó wà ní èjìká ọdẹ ló wà.

Nígbà tó kàn án, Ọdẹ́yalé kò rìn. Ó fa àdá náà yọ, ó sì mú ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Baba ẹ̀ṣọ́, ó dà bí ẹni pé ohun yìí wù yín."

"Ó ń dán," ni Oníjà-Márùn-ún wí. "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Ohun tí èékánná ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní èékánná, bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe wà. Ẹni tó ní àdá, wọ́n fún un ni."

Ẹranko náà na ọrùn sí àdá náà. Ó ní, "Kò sí ẹni tó fún mi ní nǹkan rí."

Àdá baba Ọdẹ́yalé ni. Òun ni baba rẹ̀ fi la oko tí wọ́n fi bọ́ ọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà án sí ẹranko náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí a ti ń fún àgbà ní nǹkan. Oníjà-Márùn-ún fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí, nítorí ibi tí ọgbọ́n ti fi agbára jókòó sílẹ̀ nìyí. Ọwọ́ tó di èkù àdá mú kò lè họ ènìyàn mọ́, èékánná ọ̀tún ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Àdá náà wọ ọkàn ẹranko yìí bí ìyàwó tuntun ti ń wọ ọkàn baálé, ibẹ̀ ló gbé gbogbo èrò rẹ̀ sí. Àdá di àkọ́bí. Ẹnu, tó ti ń jẹ́ àkọ́bí láti ọjọ́ pípẹ́, di ọ̀kan nínú àwọn àbúrò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ àdá lò.

Ó kan ẹranko. Ọdẹ́yalé dúró níwájú rẹ̀, ó sì ní àkókò yẹn ni ẹ̀rù ba òun jù lọ. Oníjà-Márùn-ún gbé àdá sókè, ó fi í gé afẹ́fẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá òkúta. Ẹnu wá, ṣùgbọ́n bí ẹnu ẹni tó ń ro nǹkan mìíràn ni. Etí ẹ̀wù ọdẹ ló bù. Èékánná òsì tàsé. Ìwo tàsé. Ìrù rọra fara kàn án lẹ́sẹ̀ bí ìrù ajá. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, áńbọ̀ǹtórí ẹni tó lé márùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọṣẹ́.

Ẹranko náà wo àdá rẹ̀. Gbogbo ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Kò dáhùn. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé," ni Ọdẹ́yalé wí. "Bí mo bá ń padà bọ̀, màá kọ́ yín."

"Bí o kò bá padà ńkọ́?"

"Àdá baba mi ló wà lọ́wọ́ yín. Ibo ni mo fẹ́ gbà?"

Oníjà-Márùn-ún di èkù àdá náà mú pinpin. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn kúrò láàrin òkúta méjèèjì.

Pápá ńlá kan ló wà nínú, àwọn oorun sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹran ọ̀sìn. Oorun àwọn ọmọ ọwọ́ kó ara wọn jọ bí òròmọdìẹ. Oorun àwọn arúgbó tín-ín-rín, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọmọńlé. Oorun àwọn ọdẹ la ojú kan sílẹ̀. Ní ìdí igi kan, ewúrẹ́ kékeré aláwọ̀ eérú kan kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé, Ọdẹ́yalé sì mọ̀ ọ́n láìbéèrè, nítorí pé ó fi etí kan bo ẹnu.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Oorun Àwẹ̀ró, mo wá bẹ̀ ọ́."

"Mo lọ títí ẹsẹ̀ mi fi bó," ni oorun náà wí, kò yíjú padà. "Ó ní kí n dúró ná. Mo dúró sí ìta nínú òjò. Nítorí ta ni?"

"Nítorí tèmi."

"Bó bá sùn, ta ni yóò máa ṣọ́ ilé?"

"Èmi ni."

Oorun náà wá yíjú. Ó na ẹsẹ̀ sí ajá pupa sísanra kan tó ń hanrun nítòsí. "Tìrẹ nìyẹn. O rí i bó ṣe sanra. Fi í sílẹ̀ síbí títí Àwẹ̀ró yóò fi sùn tẹ́rùn, kí ìwọ náà mọ bó ṣe rí."

Ọdẹ́yalé wo oorun ara rẹ̀. Gbogbo ara ń ro ó, ojú rẹ̀ sì ń wúwo. Ó ní, "Mo gbà." Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó pọn oorun ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ, ó so ó pinpin, ó sì jáde.

Ní ẹnubodè, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó kọ́ Oníjà-Márùn-ún bí wọ́n ṣe ń di èkù, bí wọ́n ṣe ń rọ ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ẹ̀gún láìpa ara ẹni lára. Ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣán igbó iwájú ẹnubodè, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú inú dídùn, kò sì wo ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Ọdẹ́yalé dé Ajímásùn, ó wí fún Ẹfúnbọ̀dé pé ọ̀nà ti là. Obìnrin náà gbé ìkòkò tó ń mọ lọ́wọ́ sílẹ̀ ní tútù. Ó dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n láìdúró de kí ó kàn án. Kò sí àgbìgbò tó bá a wí. Gbogbo ìlú tẹ̀lé e.

Ó ku díẹ̀ kí n dákẹ́. Ọdẹ́yalé dé ilé ní ọ̀sán gangan. Ó bá Àwẹ̀ró ní ìdí ọsàn, tí ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó tú ẹ̀wù tó fi pọn oorun. Kò sí ẹni tó rí ohunkóhun tó bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì pa dé. Wọ́n gbé e wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi sùn. Ọdẹ́yalé jókòó tì í, pẹ̀lú ojú egbò márùn-ún, kò sì lè sùn bó tilẹ̀ fẹ́. Ó ń ka èémí ìyàwó rẹ̀. Bí èémí náà bá pẹ́, á gbé etí lé e láyà. Àwọn ènìyàn wá kí i kú àbọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún Àwẹ̀ró lajú. Ojú náà ti funfun. Ó wo òrùlé, ó wo ògiri, ó wá wo ọkùnrin tó jókòó tì í, tí irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nu ẹnu.

"Bàbá Ìbídàpọ̀," ni ó wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọdẹ́yalé, tí kò sunkún nígbà tí ẹfọ̀n kàn án, tí kò sunkún lábẹ́ Oníjà-Márùn-ún, fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ dá a lóhùn. Òun ronú, òun ronú, ṣùgbọ́n òun kò lè rántí ìgbà tí òun jẹun gbẹ̀yìn.